Ṣé Ọ̀dà Mọ́tò Olówó Pọ́ọ́kú Tó Owó Ẹ̀?

Bàbá mi fẹ́ kun gbogbo ara mọ́tò tí wọ́n fi ń ṣe kabúkabú, torí wọ́n rí ẹni tó máa kùn ún lówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀yin ará, kò tówó ẹ̀ o! Iṣẹ́ tó ṣáájú ọ̀dà ló ń gbowó: wọ́n á ha ibi tó dógùn-ún títí irin á fi mọ́, wọ́n á lo sáńpépà, wọ́n á kun práímà. Ẹni tó gbowó kékeré, ibẹ̀ ló máa fò. Ọ̀dà á dán lóòótọ́, àmọ́ irin á máa jẹ lábẹ́ ẹ̀. Láìpẹ́, á bó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ibi tó dógùn-ún nìkan ni kí wọ́n ṣe dáadáa. Ọ̀dà tó ṣá ò ní kí mọ́tò má ríṣẹ́ ṣe.