Bí Wọ́n Ṣe Ń Pààrọ̀ Sáfà Láìjẹ́ Kí Iṣẹ́ Dúró

Bí àgbẹ̀ kan bá ta kaṣú ní Iyah-Gbẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Kogi lóṣù kẹta, tí ẹni tó rà á sì san owó fún un láti orí fóònù, owó náà kì í gba títì Kabba kọjá. Ìròyìn nípa owó ló ń rìn. Láti orí fóònù, ó bọ́ sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti ibẹ̀, ó dé báńkì tó ń san, ó dé ọ̀dọ̀ NIBSS, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1993 láti so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, kó tó wá kan báńkì tó ń gbà á. Láti ọdún 2011 tí NIBSS ti gbé ètò ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ kalẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo ìrìn yìí máa ń gbà. Níbikíbi tí ìròyìn náà bá yà sí, sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìbéèrè tó sì ń fèsì, ni yóò dá a lóhùn. Bí sáfà kan ṣoṣo bá dákẹ́ lójú ọ̀nà yẹn, àpò kaṣú lè ti wọ ọkọ̀ kí àgbẹ̀ tó rí kọ́bọ̀. Gbogbo wa la sì mọ oró rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun wọ́n bí ojú, tó fi di pé ẹni tí owó rẹ̀ kò bá lè gba orí fóònù kọjá kò lè ra gààrí.

Síbẹ̀, sáfà ń gbó. Fáànù rẹ̀ ń ṣẹ́, RAM rẹ̀ kì í tó mọ́. Èyí tó tún burú jù ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tó ṣe sọ́fítíwià orí rẹ̀ yóò sọ pé òun kò tún un ṣe mọ́. Ilé iṣẹ́ VMware dáwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún sọ́fítíwià sáfà rẹ̀, vSphere 6.7, dúró ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún vSphere 7 ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Bí olè bá rí ihò kan lára irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò dájú pé ẹnì kan yóò bá ọ dí i. Nítorí náà, dandan ni kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n pààrọ̀ ohun tó yẹ. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí àgbẹ̀ wa kò fi ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀?

Àṣírí ibẹ̀ ni pé kì í ṣe irin, ìyẹn ẹ̀rọ sáfà tí a lè fọwọ́ kàn, ló ń dá oníbàárà lóhùn. Lórí irin kọ̀ọ̀kan, sọ́fítíwià kan wà tí wọ́n ń pè ní hypervisor. Òun ló ń pín agbára irin náà fún àwọn kọ̀ǹpútà aláìlára mélòó kan, tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní VM. VM kọ̀ọ̀kan gbà pé òun ní ọpọlọ tòun, RAM tòun, àti ibi tí òun ń kó ẹrù sí. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. IBM ti kéde VM/370 fún àwọn ẹ̀rọ gìrìwò rẹ̀ lọ́dún 1972. Ọdún 1998 ni ènìyàn márùn-ún dá VMware sílẹ̀ ní California, àwọn ló sì sọ ọgbọ́n náà di ohun tí kọ̀ǹpútà lásán lè lò. Lónìí, Hyper-V ti Microsoft wà, KVM sì ti wà nínú Linux láti ọdún 2007. Proxmox, tí wọ́n ń ṣe ní Vienna ní Austria, orí KVM yìí ló jókòó lé. Nígbà tí Broadcom ra VMware ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, tó sì yí bí wọ́n ṣe ń ta ìwé àṣẹ rẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ Proxmox wò.

Bí wọ́n bá kó irú irin bẹ́ẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ, tí wọ́n so wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo wọn lè ka ẹrù kan náà láti ibi ìkópamọ́ kan, klọ́sítà nìyẹn. Nínú klọ́sítà, VM kò ní ilé kan pàtó. Ó lè kúrò lórí irin kan bọ́ sórí òmíràn láìdákẹ́. Bí VM bá lè ṣí kúrò, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ di ohun tí wọ́n lè pa lọ́sàn-án gangan.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí bí ó ṣe ń ṣí, nítorí ibẹ̀ ni ẹwà iṣẹ́ náà wà. Ẹrù inú ibi ìkópamọ́ kò nílò láti rìn, torí irin méjèèjì ló lè rí i. Ohun tó gbọ́dọ̀ rìn ni ohun tó wà nínú RAM, ìyẹn ohun tí VM náà ń rò lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn. Ẹ fojú inú wo ìwé alájọ kan tí wọ́n fẹ́ dà kọ sínú ìwé tuntun, nígbà tí alájọ fúnra rẹ̀ kò dẹ́kun gbígba owó, tó sì ń kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́. Akọ̀wé da gbogbo ojú ìwé kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó fi parí, alájọ ti fọwọ́ kan ojú ìwé bíi ogójì. Akọ̀wé padà sórí ogójì yẹn nìkan. Nígbà tó parí wọn, mẹ́fà péré ló tún yí padà. Ó tún wọn kọ, ó ku méjì. Ó wá ní kí alájọ gbé bírò sókè díẹ̀, ó da méjì náà kọ, ó gbé ìwé tuntun síwájú rẹ̀, alájọ sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni hypervisor ṣe ń ṣe é. Ojú ewé RAM kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gba 4 KB, nítorí náà VM tó ní RAM 32 GB ní ojú ewé tó lé ní mílíọ̀nù 8. Lórí okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gbé gígábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdàkọ àkọ́kọ́ lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 27. Lórí okùn gígábíìtì 1, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìdàkọ kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrú ju èyí tó ṣíwájú rẹ̀ lọ. Ìdúró ìkẹyìn nìkan ni VM ń dákẹ́ ní tòótọ́. Lọ́dún 2005, àwọn olùwádìí láti Cambridge àti Copenhagen fi hypervisor kan tó ń jẹ́ Xen ṣí VM kan tí àwọn ènìyàn ń ta géèmù Quake 3 lórí rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, kò tó ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́. VMware ti gbé irú rẹ̀ jáde fún títà láti ọdún 2003, lábẹ́ orúkọ vMotion.

Ó kù kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀ pé VM ti ṣí. Nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ kò yí padà. Ohun tó yí padà ni ihò tí wọ́n lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lára swíìṣì, ẹ̀rọ tó so àwọn irin pọ̀. Irin tuntun yóò fi ìkéde kan ránṣẹ́ sí swíìṣì: nọ́ńbà báyìí ti wà lọ́dọ̀ mi o. Bí ìròyìn kan bá ṣìnà láàárín ìgbà náà, ẹni tó fi ránṣẹ́ yóò tún un rán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìfowóránṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà kì í fi í já.

Nígbà mìíràn, VM ń kọ̀wé yára ju bí okùn ṣe lè gbé e lọ. Bí bẹ́ẹ̀ bá rí, ìdàkọ kò ní parí láé, nítorí náà hypervisor máa ń dín eré VM náà kù kí òun lè bá a. Ọ̀nà kejì wà tí wọ́n fi ń gbé VM lọ kíákíá, tí wọ́n á sì máa fa ojú ewé tó kù bọ̀ lẹ́yìn. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú irin méjèèjì bá kú ní àárín méjì, VM náà ti lọ nìyẹn. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi dátà owó dán ọ̀nà yẹn wò níbi tí iná kò ti dúró.

Ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù lọ kò sí nínú gbogbo ọgbọ́n tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ààyè ni. Ká ní irin mẹ́ta ló wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní RAM 256 GB. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti lo 230, ààyè 26 ló kù lórí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú irin kan sílẹ̀, ẹ ní 230 tó ń wá ibi sùn, àyè 52 péré ló sì wà lórí àwọn méjì yòókù. Iṣẹ́ kò ṣeé ṣe, bó ti wù kí ẹnjiníà mọ̀wé tó. Kí irin kan tó lè sinmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ lo ju 170 lọ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó sì dára kó má tó bẹ́ẹ̀, torí hypervisor náà ń jẹ nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí owó sábà máa ń wo ìdá kan nínú mẹ́ta tó ṣófo yìí bí owó tó ṣègbé. Wọ́n á ní kí wọ́n kó nǹkan sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó nǹkan kún un ni wọ́n ti ta àǹfààní àìdáwọ́dúró, kódà bí kò bá tíì sí ẹni tó mọ̀.

Ìbò tún wà. Irin inú klọ́sítà máa ń dìbò láti mọ ẹni tó ṣì wà láàyè, èyí tó pọ̀ ju ìdajì ló sì ní àṣẹ. Nínú mẹ́ta, méjì ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹ bá ti pa ọ̀kan fún àtúnṣe, àwọn méjì tó kù ni ìbò tó kù: bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú, èyí tó kẹ́yìn yóò dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, kí irin méjì má bàa máa kọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú àkọsílẹ̀ kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún irin ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn kì í fọwọ́ kan èkejì títí èkíní yóò fi padà, tí dátà rẹ̀ yóò sì bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Ní Kogi, níbi tí iná kò ti dúró, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní láti mọ iye wákàtí tí bátìrì rẹ̀ lè gbé àti iye epo tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ kó tó pa irin àkọ́kọ́.

Ọpọlọ irin náà lè dá wàhálà sílẹ̀. Irin tuntun mọ àwọn àṣẹ kan tí irin àtijọ́ kò gbọ́ rí. Ìgbà tí ètò kan bá ń jí ló sábà máa ń béèrè irú ọpọlọ tó wà lábẹ́ òun, kì í tún béèrè mọ́. Bí VM bá jí lórí irin tuntun, tí wọ́n wá gbé e padà sórí irin ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó lè pe àṣẹ tí kò sí níbẹ̀, yóò sì ṣubú. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n mú kí gbogbo irin ṣe bí ẹni pé wọn kò mọ̀ ju èyí tó dàgbà jù nínú wọn lọ. VMware ń pe ètò yẹn ní EVC. Lórí Proxmox, irú ọpọlọ tí ẹ bá yàn fún VM ló ń ṣe é. Bákan náà, láti sọ́fítíwià àtijọ́ sí tuntun ni ìrìn VM ti dájú. Àtibọ̀ rẹ̀ kò dájú.

Àwọn ohun wẹ́wẹ́ náà ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́: fáìlì sídì tí ẹnì kan so mọ́ VM lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn tí kò tú u, tàbí ẹ̀rọ USB tó wà lára irin kan ṣoṣo. VM tó bá di irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mú kò ní lè ṣí.

Ẹ má ṣe rò pé klọ́sítà ń gbani lọ́wọ́ ohun gbogbo. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún 2024, Sterling Bank bọ́ sórí SeaBaaS, GTBank sì bọ́ sórí Finacle. Ìwé owó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kó láti inú sọ́fítíwià kan sí òmíràn tí kò jọ ọ́, kì í ṣe irin abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀. Gbígbé VM kiri kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ìdádúró sì ṣòro láti yẹ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìtòsí Abidjan. Sáfà tó wà lálàáfíà di ohun tí ẹlòmíràn kò lè bá sọ̀rọ̀.

Láàárín Kabba àti Iyah-Gbẹdẹ, ilé ìwòsàn tàbí ilé ìwé tó bá ń tọ́jú àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè ní irú èyí láìjẹ́ pé ó dà bíi báńkì. Irin mẹ́ta tí kò tóbi, Proxmox tí kò ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó lò ó, swíìṣì méjì, àti ibi ìkópamọ́ tí ẹ̀dà dátà kọ̀ọ̀kan wà lórí irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí wọ́n má fi iṣẹ́ náà sí àkókò kaṣú tàbí ìgbà ìdánwò. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo VM síta, kí wọ́n sì dá ọ̀kan nínú ẹ̀dà náà padà láti rí i pé ó ń jí. Kí wọ́n tú irin kìíní sílẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n gbé VM tí kò ṣe pàtàkì jù padà sórí rẹ̀, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin kejì. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti di tuntun, kí ẹnì kan tó ní ìgboyà fa wáyà iná ọ̀kan yọ lọ́sàn-án, níṣojú ọ̀gá, kí wọ́n ka iye ìṣẹ́jú tí VM orí rẹ̀ fi jí lórí òmíràn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.