Bátìrì Ni Ìwà Ọkọ̀: Àlàyé Lórí Ríra àti Títún Ọkọ̀ Ìpín-Wàrà Àtijọ́ Ṣe Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáàrà

Ọkọ̀ tí ń fi iná bátìrì rìn kì í ṣe ohun tuntun bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọkọ̀ oníná káàkiri àgbáyé ní ọ̀rúndún tí a wà yìí ni àwọn oníwàrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi irú rẹ̀ pín wàrà láti ilé dé ilé. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin tí ń fa kẹ̀kẹ́ wàrà. Ní ọdún 1967, ẹgbẹ́ tí ń ṣojú àwọn onísẹ́ ọkọ̀ oníná nílẹ̀ náà kéde pé iye ọkọ̀ oníbátìrì tí ó wà lójú títì àwọn ju ti gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù lápapọ̀ lọ. Ọkọ̀ ìpín-wàrà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Lónìí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù lẹ́nu iṣẹ́. A rí àwọn kan ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, irú èyí tí ó wà ní Wythall nítòsí Birmingham. Àwọn mìíràn wà nínú abà, tí ẹni tí ó ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò rà wọ́n.

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó sì fẹ́ tún un ṣe, mọ̀. Èrò wa ni pé bátìrì ni ó yẹ kí ó pinnu iye tí a ó san, kì í ṣe ọ̀dà ara ọkọ̀. Àwọn àgbà sọ pé ìwà lẹwà. Bátìrì ni ìwà ọkọ̀ yìí. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó bá kà á yóò tún rí i pé kò sí ohun kan nínú ìmọ̀ náà tí èdè Yorùbá kò lè gbé.

Bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Lára àwọn tí ó ṣe é ni Morrison-Electric ní Leicester, Smith's ní agbègbè Newcastle, àti Wales & Edwards ní Shrewsbury, tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ gbajúmọ̀. Eré rẹ̀ kò pọ̀: kìlómítà 16 sí 26 ní wákàtí kan ni ó wọ́pọ̀.

Bátìrì rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn yàrá kéékèèké ni a so kọ́ra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwo òjé nínú omi ásíìdì. Yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí volt 2 wá. Bí a bá so 36 pọ̀ tẹ̀léra, a ó ní volt 72. Èyí wọ́pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a rí ọkọ̀ tí yàrá bátìrì rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnnì oníná rẹ̀, iná kan náà ni ó ń gba inú wáyà apá tí kò yí àti ti apá tí ń yí kọjá. Àǹfààní ètò yìí ni pé ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra gan-an ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ọkọ̀ tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, tí yóò sún díẹ̀, tí yóò tún dúró, nílò irú agbára bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í jẹ iná, kì í sì í pariwo tí yóò jí àwọn tí ń sùn ní ìdájí. Bí ó bá parí iṣẹ́, ó ń padà sí ọgbà ilé-iṣẹ́ láti gba iná títí di ìgbà tí yóò tún jáde. Kì í ṣe àbùkù ara ọkọ̀ ni ó lé e kúrò lójú títì. Fíríìjì tí ó dé inú ilé gbogbo, àti ilé-ìtajà ńlá tí wàrà rẹ̀ pọ́ọ́kú, ni ó gba oníbàárà lọ́wọ́ àwọn tí ń pín in.

Ríra ọkọ̀ náà

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùrà gbọ́dọ̀ bi olùtà ni pé ìgbà wo ni bátìrì gba iná gbẹ̀yìn. Bí a bá fi bátìrì olójé sílẹ̀ láìní iná nínú fún oṣù púpọ̀, iyọ̀ òjé funfun yóò le mọ́ àwo inú rẹ̀, kò sì ní í gba iná dáadáa mọ́. Àwọn tí ń lo ínfátà nílé níhìn-ín mọ irú ikú yìí. Lẹ́yìn ìbéèrè ni àyẹ̀wò. Kí a fi háídírómítà, ìyẹn gíláàsì tí a fi ń fa ásíìdì wò, wọn yàrá kọ̀ọ̀kan. Èyí tí iná kún yóò wà ní nǹkan bí 1.28, èyí tí iná rẹ̀ ti tán lè wálẹ̀ dé 1.15 tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí gbogbo wọn bára dọ́gba ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí yàrá kan tí ó bá rẹlẹ̀ yóò fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Kí a sì tún wọn volt wọn nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, torí bátìrì tí ó ti rẹ̀ lè parọ́ bí ó bá wà ní ìsinmi.

Owó bátìrì tuntun lè ju owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, irin àti ìtàn ni ó ń tà, kí ó sì gba owó irin àti ìtàn.

Kí olùrà wo abẹ́ àpótí bátìrì pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ásíìdì ti máa ń jẹ irin. Kí ó béèrè ṣájà tí ó bá iye yàrá bátìrì náà mu, àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀. Kí ó sì fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sílé.

Àtúnṣe

Ibi tí ewu wà nìyí. Bí sípánà bá bọ́ lé orí bátìrì tí ó so orí méjì pọ̀, irin náà lè pọ́n kí ó sì yọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí a yọ òrùka àti aago ọwọ́, kí a fi rọ́bà wé ọwọ́ sípánà, kí a sì tú wáyà tí ó so àwọn yàrá pọ̀ láàárín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bátìrì tí ń gba iná ń tú afẹ́fẹ́ háídírójìn jáde. Bí ó bá lé ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ìṣáná kan tó láti mú un bú gbàmù. Fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Bí a bá ń po ásíìdì, ásíìdì ni a ń dà sínú omi. A kì í da omi sínú ásíìdì.

Ẹ́ńjìnnì náà sábà máa ń pẹ́ láyé ju ara ọkọ̀ lọ. Kí a yẹ kábọ́ọ̀nù rẹ̀ wò, kí a sì fi sáńpépà tí ó kúnná nu òrùka bàbà tí kábọ́ọ̀nù ń fara kàn. Kí a má lo irú èyí tí a fi ń ha irin, torí èérún rẹ̀ lè gbé iná. Bí a bá fẹ́ dán an wò nígbà tí táyà kò kan ilẹ̀, bátìrì volt 12 ti tó. Irú ẹ́ńjìnnì yìí kì í mọ ibi tí ó yẹ kí eré òun dé bí kò bá ní ẹrù tí ó ń fà. Bí a bá fún un ní volt 72 lófìfo, ó lè yí títí yóò fi fọ́nká.

Pákó àti fáíbà ara ọkọ̀ kò le fún káfíńtà àti alágbàṣe ọ̀dà. Bíréèkì ni kí a má fi ṣeré.

Àwọn kan ń yọ bátìrì olójé, wọ́n ń fi ti lítíọ́ọ̀mù rọ́pò rẹ̀. A kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé bátìrì olójé nínú ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan, àti pé ìwúwo yẹn ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fi ṣírò ìsípíríǹgì rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, òun ni ó ń dè é mọ́lẹ̀ ní ìkóríta. Ṣájà àtijọ́ kò sì bá lítíọ́ọ̀mù mu rárá. Lójú tiwa, ọkọ̀ tí a fẹ́ fi kọ́ ọmọ nípa bí àwọn tí ó ṣáájú ṣe yanjú ìṣòro wọn yẹ kí ó di òjé rẹ̀ mú. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe gé wáyà àtijọ́ dànù. Kí ó kó gbogbo súwíìsì àti wáyà tí ó bá yọ sínú àpótí kan, kí ó sì kọ ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára.