Àwọn Olórí Ìjọba Ẹ̀gbá, 1865–1914

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Nàìjíríà ni Abẹ́òkúta ti ní ààrẹ. Ní 1865, wọ́n fi Baṣọ̀run Ṣómóyè ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀ ìjọba Ẹ̀gbá, G. W. Johnson sì ni akọ̀wé rẹ̀. Aránṣọ ni Johnson, ará Sàró tó padà wálé. Ọwọ́ tó ń lo abẹ́rẹ́ náà ló ń kọ lẹ́tà sí gómìnà Èkó, ìjọba náà sì ń gba owó oníbodè lórí ẹrù tó ń lọ sí Èkó. Iṣẹ́ akin ni.

Ṣómóyè kú ní 1868.

Ní 1893, Gẹ̀ẹ́sì bá Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ó gbà pé wọ́n dá dúró. Láti 1898, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní ló ṣáájú Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1904 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Ọba Edward Keje sì gbà á lálejò.

Ní 1914, sójà yìnbọn pa àwọn èèyàn ní Ìjemọ̀, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Lugard, gómìnà àgbà Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà, gba òmìnira lọ́wọ́ Ẹ̀gbá. Gbádébọ̀ wà lórí ìtẹ́ títí ó fi wàjà ní 1920.