Ààbò Ọmọdé àti Ìtọ́jú Àyíká ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Àgùdà

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló gbà pé ọ̀tọ̀ ni ààbò ọmọdé, ọ̀tọ̀ ni ìmọ́tótó ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Èrò wa ni pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ní ọdún 2010, ọmọdé tó lé ní 400 kú ní ìpínlẹ̀ Zamfara, nítorí májèlé òjé tó wọ inú ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà. Ọmọdé a máa ṣeré nílẹ̀, a sì máa ti ọwọ́ bọ ẹnu. Ohun tó bá ba ilẹ̀ jẹ́, ara ọmọ ló kọ́kọ́ ń wọ̀.

Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Àgùdà ní àdúgbò bíi Sábó, Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Yorùbá àti Haúsá jọ ń gbé, kò gbọdọ̀ sun ọ̀rá nítòsí kíláàsì. Àgbà ni kí ó kó bátìrì àti àfọ́kù ìgò kúrò nílẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Nínú Laudato Si' (2015), Póòpù Francis so igbe ilẹ̀ ayé pọ̀ mọ́ igbe tálákà.

Bí a bá sọ ilẹ̀ gbígbá di ìyà ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ yóò kórìíra ìmọ́tótó. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ bá wọn gbá a.