Àrùn Kíndìnrín Inú Ẹbí: Kì Í Ṣe Ọwọ́ Orogún

Bí ìyá bá kú pẹ̀lú ara wíwú, tí ọmọ rẹ̀ náà tún wá ń wú lẹ́yìn ogójì ọdún, kíá la máa ń wá ẹni tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n á ní orogún ni, àbí àǹtí ọkọ. A ò sọ pé ayé ò níkà. Àmọ́ àrùn kan wà tó jẹ́ pé ẹbí fúnra rẹ̀ ló ń gbé e fún ọmọ.

Kíndìnrín ò ju ìkúùkù ọwọ́ lọ. Lára ẹni tó ní àrùn yìí, àpò omi kéékèèké á máa hù nínú rẹ̀ títí tó fi lè tóbi bíi bọ́ọ̀lù. Àwọn àpò náà á wá fún ibi tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ pa.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Àkọsílẹ̀ kan wà nínú ara wa tó ń sọ bí iṣẹ́ á ṣe máa lọ. Jíìnì làwọn dókítà ń pè é. Méjì-méjì ló wà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ wo káàdì àjọ: ọ̀kan wà lọ́wọ́ alájọ, ọ̀kan lọ́wọ́ yín. Bí tiyín bá bàjẹ́, a ṣì lè ka tọ̀hún. Ẹni tó jogún àrùn yìí, ọ̀kan ti bàjẹ́ kí wọ́n tó bí i. Èkejì ló ń gbé e dúró. Bó ti ń dàgbà, níbì kan nínú kíndìnrín, èkejì náà á bàjẹ́, tàbí kí iṣẹ́ rẹ̀ má tó mọ́. Ibẹ̀ ni àpò omi á ti hù. Díẹ̀díẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í mọ̀ títí wọ́n á fi lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó máa ń yọ nínú ẹ̀dọ̀ náà.

Ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ láti ilẹ̀ Pọtogí ló tọ́ àwọn onímọ̀ sọ́nà. Ojú kan náà ni àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì ti gé. Báyìí ni wọ́n ṣe rí PKD1 lọ́dún 1994. Wọ́n rí PKD2 lọ́dún 1996.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ gbọ́ o: bàbá lè gbé e fún ọmọ, bí ìyá ṣe lè gbé e. Bí òbí kan bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan dà bí ẹyọ owó tí a jù sókè, ó lè bá a, ó lè fò ó. Ọmọ tí kò jogún rẹ̀ ò lè gbé e fún ọmọ tirẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú, tàbí ẹ̀gbẹ́ dídùn, tàbí kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aboyún ni wọ́n fi ń wò ó. Oògùn tolvaptan, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún un lọ́dún 2018, kì í wò ó sàn, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni, owó rẹ̀ sì wọ́n gan-an. Kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ kó sì dúró síbẹ̀, ìyẹn tó wa í ṣe. Diclofenac àti ibuprofen tí à ń gbé mì lórí ìsọ̀ nítorí ẹ̀yìn ríro tún lè pa kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn lára.

Bí ẹ bá lọ sí ọsibítù, ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe irú rẹ̀ nínú ẹbí, kẹ́ ẹ sì sọ iye ọdún tó ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà á bi yín.