Igi Tí Eruku Sìmẹ́ńtì Kò Tètè Mú

Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta ẹfun ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ igi tó lè fara da eruku, kó wo irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́, tí òjò kò sí láti fọ ewé.

Eruku sìmẹ́ńtì kì í ṣe ẹgbẹ́ eruku ilẹ̀. Bí ìrì bá sẹ̀ sí i lára ewé, ó ń dì, á sì lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí bí ẹ̀kọ tó gbẹ sára àwo. Oòrùn kò ní ríbi wọlé dáadáa mọ́, àwọn ihò tíntìntín tí ewé fi ń mí á sì dí.

Tíìkì mọ eruku kó. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń ha ni lọ́wọ́. Àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń wọ́wé. Ìyẹn gba igi náà là, ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní rẹ̀ fún onílé tó gbìn ín kó lè máa bá a gba eruku, tó wá ṣíhòòhò ní oṣù tí eruku pọ̀ jù?

Ewé mángòrò ní tirẹ̀ nípọn, ó ń dán, abẹ́ ewé sì ni ihò mímí rẹ̀ wà. Ní 1983, Singh àti Rao ní Índíà gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìfaradà igi: fítámì Sí inú ewé, àwọ̀ ewé rẹ̀, omi ara rẹ̀ àti bó ṣe kan tó. Mángòrò sábà máa ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Síbẹ̀, inú ọyẹ́ ló ń tanná, eruku tó bá sì bo òdòdó kì í jẹ́ kó so bó ṣe yẹ. Ewé kọ́ ni àgbẹ̀ ń tà lọ́jà.

Ká má sì gbé àbájáde ibì kan lọ síbòmíràn láìwádìí. Èéfín tó ní imí-ọjọ́ ń sọ omi òjò di kíkan. Ti sìmẹ́ńtì yàtọ̀ pátápátá. Igi tó borí ọ̀kan lè kú sọ́wọ́ èkejì.

Fún ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, dongoyárò ni màá mú. Ọ̀dá kì í tètè pa á, kì í sábà wọ́wé tán, ewé wẹ́wẹ́ rẹ̀ pọ̀, àwọn èèyàn kì í sì í sábà retí owó èso rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ se àgbo ibà nìkan ni kó lọ já tirẹ̀ níbòmíràn.