Kí Wọ́n Tó Gbẹ́ Àgbọ̀n Òkè Yín: Ohun Tí Síkáànù Eyín Ń Rí, Àti Ohun Tí Kì Í Rí

Bí dókítà eyín bá sọ fún yín pé X-ray tẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà ò tó, pé ẹ lọ ya òmíràn tó wọ́n jù ú lọ kí òun tó fọwọ́ kan àgbọ̀n òkè yín, ẹ má tètè pariwo olè. Mo mọ̀ pé ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa nìyẹn. Àǹtí kan tó ń ta ẹja oníyìnyín ní Ìjọ́rà bi mí láìpẹ́ yìí pé, “Bọ̀dá oníròyìn, ẹ bá mi dá sí i, ṣé kì í ṣe owó mi ni wọ́n kàn ń wá?” Eyín mẹ́ta ti kúrò lókè lápá ọ̀tún wọn láti bí ọdún 12. Àwọn ọmọ wọn ló fẹ́ sanwó fún implant, ìyẹn eyín tí wọ́n ń rì mọ́ egungun. Ẹ̀yin ọmọ náà ni mò ń kọ èyí sí, torí ẹ̀yin lẹ máa ń sanwó.

Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín lábẹ́ ojú. Egungun tó wà níbẹ̀ yẹn ò kún o. Ihò afẹ́fẹ́ ńlá kan wà nínú rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní sinus, òun náà ló máa ń dí nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú yín. Gbòǹgbò àwọn eyín ẹ̀yìn òkè sún mọ́ ìsàlẹ̀ ihò náà gan-an. Bí eyín bá ti kúrò, egungun tó dì í mú á máa dín kù láti ìsàlẹ̀, ihò náà á sì máa fẹ̀ wálẹ̀ láti òkè. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, egungun tó kù fún eyín tuntun lè má ju mílímítà 3 tàbí 4 lọ.

Kí wọ́n tó lè rì eyín síbẹ̀, oníṣẹ́ abẹ á gé fèrèsé kékeré sí ara ògiri egungun náà láti inú ẹnu. Á rọra gbé awọ tó bo inú ihò náà sókè, awọ tó fẹ́lẹ́ bí èyí tó wà lábẹ́ èèpo ẹyin, á wá fi egungun wẹ́wẹ́ dí àlàfo abẹ́ rẹ̀. Hilt Tatum ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀nà yìí fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Alabama, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1976.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ gba inú ògiri yẹn kọjá. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn àgbọ̀n wá, èkejì gba abẹ́ ojú wá, àwọn méjèèjì sì pàdé níbi tí fèrèsé yẹn máa wà. Nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, iṣan náà ò fẹ̀ tó mílímítà 2, gígé e kì í sì í sábà pa èèyàn. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ á bo ojú iṣẹ́, dókítà ò ní rí ibi tó ń gbẹ́ dáadáa mọ́, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn lè ya, iṣẹ́ lè dúró láàárín méjì. Fún màmá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, tó tún ń lo aspirin lójoojúmọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

X-ray lásán ò lè fi èyí hàn dáadáa. Òjìji ló ń yà, gbogbo ohun tó wà níwájú àti lẹ́yìn á tò lé ara wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CBCT, tí wọ́n ṣe jáde ní Ítálì àti Japan ní àwọn ọdún 1990, máa ń yí orí èèyàn po, á ya ọ̀pọ̀ àwòrán, kọ̀ǹpútà á wá kó wọn pọ̀ di odindi egungun. Dókítà lè gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi búrẹ́dì lójú kọ̀ǹpútà, kó sì wọn ibi tí iṣan wà.

Ṣùgbọ́n ohun táwọn tó ń polówó ẹ̀rọ yìí kì í sábà sọ nìyí: CBCT kì í rí ẹ̀jẹ̀, kì í sì í rí iṣan fúnra rẹ̀. Ẹ ronú nípa wáyà iná tí wọ́n rì sínú ògiri ilé. Páìpù tí wáyà gbà kọjá nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń rí, ìyẹn ihò tóóró tó wà nínú egungun. Bí wáyà ò bá gba inú páìpù, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ògiri ló lẹ̀ mọ́, lábẹ́ awọ yẹn, fọ́tò á jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ ní Austria yẹ àgbọ̀n òkè àwọn òkú wò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti bá iṣan náà. Nígbà táwọn kan ní New York fi CT scan wá a lára àwọn alààyè ní 2005, díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì tí wọ́n ti rí i. Ní ti àwọn ará New York yìí, nǹkan bíi mílímítà 16 ló fi jìnnà sí etí egungun, àmọ́ bí egungun bá ti ń dín kù lẹ́yìn tí eyín kúrò, bẹ́ẹ̀ ni iṣan náà ń sún mọ́ etí. Ẹni tó ti pẹ́ láìní eyín ló yẹ kó ṣọ́ra jù.

Torí náà, bí dókítà bá ní “a ò rí i”, ẹ bi í pé, “Bí ẹ bá wá bá a pàdé ńkọ́?” Ó yẹ kó ní èsì. Bó bá sì rí i, ó lè sún fèrèsé wálẹ̀ tàbí sókè, tàbí kó lo irinṣẹ́ tó ń gbọ̀n, tó ń gé egungun tí kì í tètè gé ẹran ara.

Ẹni tó kàn fẹ́ yọ eyín tó ń dùn ún lásán, CBCT kì í sábà kàn án. Bí wọ́n bá ní kó lọ yà á, kó béèrè ìdí. Ìtànṣán rẹ̀ kéré sí ti CT scan ilé ìwòsàn ńlá, ṣùgbọ́n ó ju ti X-ray eyín kékeré lọ, aláboyún sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn.

Láti Ìjọ́rà, ẹ gba Costain lọ sí Ojúẹlẹ́gba, ẹ wá yà sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, wọ́n ní àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ àgbọ̀n àti ojú. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn eyín ló ní CBCT, torí náà ẹ pè kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò, àgbo náà wà níbẹ̀, ẹ má sì dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró fúnra yín. Bí wọ́n bá ya síkáànù náà tán, ẹ gba fáìlì rẹ̀ sórí CD tàbí fláàṣì, ẹ má gba bébà nìkan, kí dókítà mìíràn má baà ní kẹ́ ẹ lọ sanwó ya òmíràn.